Bẹ́ ẹ ṣe lè rí àyè gbà nínú London Marathon, ẹ má jókòó ti bálọ́ọ̀tì nìkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá London Marathon, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọdọọdún lẹ ń wò ó lórí BBC tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé tó bá di àmọ́dún èmi náà á wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ nínú bálọ́ọ̀tì ọdún 2026, ìyẹn kèké tí wọ́n fi ń mú àwọn tó máa sáré, jẹ́ 1,133,813, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn o, bẹ́ẹ̀ àwọn tó sá a parí lọ́dún 2025 jẹ́ 56,640, kò sì sí marathon kankan láyé tí irú èrò bẹ́ẹ̀ parí rí títí dìgbà yẹn. Kì í tún ṣe gbogbo àyè yẹn ló ń ti inú bálọ́ọ̀tì jáde, ṣárítì, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ àánú, ń mú níbẹ̀, kíláàbù àwọn tó ń sáré ń mú níbẹ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá gan-an náà ń mú níbẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé bálọ́ọ̀tì nìkan lè fi orúkọ sílẹ̀ títí kó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ burú, èrò ló pọ̀. Látilẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí Chris Brasher àti John Disley bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1981, àwọn tó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ sá ti lé ní 20,000, 7,747 ni wọ́n gbà. Ọ̀nà kan ò wọjà, ẹ jẹ́ ká gba gbogbo ọ̀nà tó wà.

Bálọ́ọ̀tì la máa kọ́kọ́ sọ torí òun ló rọrùn jù, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fò ó. Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣí i, àsìkò tí wọ́n ń sá eré tọdún yẹn gangan, kì í sì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi ń tì í. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á wo eré náà lọ́jọ́ Sunday, orí wọn á wú, wọ́n á ní tó bá di ọ̀la àwọn á ṣe é, ìgbà tí wọ́n á fi rántí, ó ti tán. Ẹ ṣètò ẹ̀ sínú fóònù yín látìsinsìnyí kó máa pariwo lọ́jọ́ náà. Orí sáìtì London Marathon fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má tẹ lìńkì tẹ́nì kan jù sínú gúrúùpù WhatsApp. Ẹ ṣí àkáǹtì sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Mò ń tẹnu mọ́ eléyìí torí àwa Yorùbá, orúkọ wa máa ń pọ̀, ẹlòmíì Fọlákẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, Elizabeth ló wà nínú ìwé ẹ̀, ẹlòmíì ti lọ́kọ àmọ́ orúkọ bàbá ẹ̀ ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ti inú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, torí wọ́n máa gbà á wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ àyà sáré.

Ẹni tó bá máa pé ọmọ ọdún 18 lọ́jọ́ eré ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè fi orúkọ sílẹ̀, ẹ má lo ímeèlì méjì kẹ́ ẹ rò pé ẹ gbọ́n, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ yọ yín kúrò pátápátá. Wọ́n á bi yín ní wákàtí tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa fi sá a, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ, ibi tí wọ́n máa tò yín sí nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀, kò kan kèké tí wọ́n máa ṣẹ́ rárá. Ẹni tó máa fi wákàtí mẹ́ta sá a àtẹni tó máa fi méje rìn ín, bákan náà lorúkọ wọn rí nínú kèké yẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé UK máa ń fò. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi owó ìforúkọsílẹ̀ tọrẹ bí kèké ò bá tiẹ̀ mú yín. Tẹ́ ẹ bá gbà, tí kèké àkọ́kọ́ ò mú yín, wọ́n á tún fi orúkọ yín sínú kèké kejì tó jẹ́ tàwọn tó tọrẹ nìkan. Owó yẹn ò ní padà wá o, ọ̀dọ̀ London Marathon Foundation ló ń lọ, àwọn yẹn ló ń fi owó ṣètìlẹ́yìn kí àwọn èèyàn lè rí ibi ṣeré ìdárayá ládùúgbò wọn. Lójú tèmi, tí owó yẹn ò bá ní dí yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, àǹfààní méjì dáa ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó iná tàbí owó ilé lẹ fẹ́ mú síbẹ̀, ẹ má dán an wò, kò pọn dandan.

Èsì máa ń jáde bí oṣù keje. Ẹ wo inú spam dáadáa. Tí kèké bá mú yín, wọ́n á dá ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sanwó fún yín, tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, àyè yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Owó ẹ̀ fẹ́ni tó ń gbé UK ò tó £100, ti ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú míì lé ní £200.

Ó wá kan ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù, tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ṣárítì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: àwọn ilé iṣẹ́ àánú máa ń ra àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò eré náà, wọ́n á wá fún ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa bá wọn kó iye owó kan jọ, ó sábà máa ń jẹ́ £2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń wò kọjá kèrémí lóòótọ́, ó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù, àmọ́ ọ̀nà yìí nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ yín àti ẹnu yín lè ṣí ilẹ̀kùn fún yín, bálọ́ọ̀tì ò mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́.

Ẹ má dúró dìgbà tí èsì bálọ́ọ̀tì bá jáde kẹ́ ẹ tó wá ṣárítì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo àwọn tí kèké ò mú máa ya bo wọ́n, fọ́ọ̀mù á kún, àwọn tó gbọ́n á ti gba àyè lọ ṣáájú. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ńlá bíi Cancer Research UK àti Macmillan ní àyè tó pọ̀ àmọ́ àwọn tó ń du ibẹ̀ náà pọ̀, àwọn kékeré lè má ní ju ẹyọ kan méjì lọ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn kàn yín, ojú tí wọ́n máa fi wo fọ́ọ̀mù yín á yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ti ṣárítì tán tí bálọ́ọ̀tì tún wá mú yín, ẹ pè wọ́n kíákíá, kí ẹlòmíì lè jẹ àǹfààní yẹn, ẹ sì ṣì lè fi àyè tiyín kówó fún wọn tó bá wù yín, inú wọn máa ń dùn sí i.

Nínú fọ́ọ̀mù ṣárítì, ìbéèrè méjì ló ṣe pàtàkì: kí ló dé tó jẹ́ àwọn lẹ yàn, báwo lẹ ṣe máa rówó náà. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wù yín láti sá marathon, pé ẹ fẹ́ràn láti máa ran aráyé lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ tiyín. Ẹni tí àbúrò ẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, tó ti gbé e lọ ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù lóru nígbà tí eegun ń ro ó débi pé kò lè dùbúlẹ̀, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Sickle Cell Society tí wọ́n bá ní àyè, nínú ilé àwa Yorùbá mélòó ni àrùn yẹn ò kàn? Ẹni tí bàbá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní jẹjẹrẹ próstéètì, kó wo ọ̀dọ̀ Prostate Cancer UK, àwọn ló ń pariwo ẹ̀ fún wa pé nílẹ̀ UK, ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ló máa ní in láyé ẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ lára gbogbo ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa sọ síta nìyẹn, àwọn bàbá wa kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀, ìdí kan sì nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kẹ́nì kan sáré nítorí ẹ̀.

Ìbéèrè kejì, ti owó, ẹ ṣírò ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má kọ pé ẹ máa sọ fáwọn ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí, ẹ kọ pé ẹ wà nínú kwáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí tí èèyàn tó ń wá tó igba, pé pásítọ̀ ti gbà kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ń pàdé lóṣooṣù, pé ibi iṣẹ́ yín máa ń fi owó tiwọn kún èyí tí òṣìṣẹ́ bá kó jọ. Ẹ bi HR yín kẹ́ ẹ tó kọ ìyẹn o. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù yẹn ń wá ẹni tí kò ní sọ wọ́n nù lójú ọ̀nà, torí wọ́n ti sanwó àyè yẹn ná, tẹ́ ẹ bá kó £300 péré jọ, wọ́n lè jẹ gbèsè lórí yín.

Tí wọ́n bá wá fún yín, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ojú ewé ìkówójọ yín síta nígbà tí òdo bá ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó sún mọ́ yín jù, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, kí wọ́n fi £20 tàbí £50 ṣí i, ẹni tó bá wá bá owó nílẹ̀ á rí i pé àwọn èèyàn ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sáwọn èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Brọ́ọ̀dùkáàsì kì í ṣiṣẹ́, kálukú á rò pé ẹlòmíì á san án. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Àǹtí Bísí, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Mo fẹ́ sá London Marathon lóṣù kẹrin, torí àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, ẹ mọ ohun tí ojú Dàpọ̀ rí lọ́dún yẹn. Mò ń wá èèyàn ọgọ́rùn-ún tó máa fún mi ní £10 £10, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wà nínú àwọn tó máa kọ́kọ́ ṣe é. Lìńkì ẹ̀ nìyí. Ẹ ṣeun mà, Olúwa á bù sí i."

Ẹ rí i pé ó kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ó dárúkọ iye, ó sì sọ ohun tó kàn wọ́n. Àgbàlagbà Yorùbá tẹ́ ẹ bá fi lìńkì lásán ránṣẹ́ sí láìkí i, ó lè má tiẹ̀ ṣí i. Èèyàn ọgọ́rùn-ún ní £10, £1,000 nìyẹn, ẹ ti débi ìdajì. Tẹ́ni tó fún yín bá ń san owó orí ní UK, ẹ ní kó fọwọ́ sí Gift Aid, ìjọba á fi £2.50 kún £10 ẹ̀ láìná an ní kọ́bọ̀, àmọ́ ẹ bi ṣárítì yín léèrè bóyá wọ́n ń ka ìyẹn mọ́ iye tẹ́ ẹ ṣèlérí, ọ̀pọ̀ wọn kì í kà á mọ́ ọn.

Ìdajì tó kù, ayẹyẹ la fi ń rí i. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí láàárín oṣù yẹn nínú ẹbí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí MC kéde pé owó tí wọ́n bá ná yín lórí ijó kan, ti marathon ni. Ẹ kọ́kọ́ bá ọlọ́jọ́ ìbí sọ ọ́ dáadáa kó tó dọjọ́ náà, ẹ má gba ijó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíì á ta púfù-púfù àti mọ́ínmọ́ín níbi iṣẹ́, ẹlòmíì á se jọ́lọ́ọ̀fù ní kúlà kúlà fáwọn tó bá ti san ṣáájú. Àwọn ará ilé tó wà ní Nàìjíríà náà fẹ́ dá sí i, náírà ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹ gbà á, ẹ kọ orúkọ kálukú sílẹ̀, ẹ san án pọ̀ sójú ewé yẹn, kẹ́ ẹ sì fi rìsíìtì ẹ̀ sínú gúrúùpù ẹbí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi Gift Aid sórí owó tẹ́ ẹ bá kó jọ báyẹn, owó ara ẹni tó ń san owó orí nìkan ni wọ́n ń fi sórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ẹlòmíì ẹlẹgẹ́ ni, orúkọ yín ló wà níbẹ̀.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, mi ò ní pẹ́ lórí tiyín. Good For Age ni wọ́n ń pe ọ̀nà kan, àwọn tó ń gbé UK nìkan ló wà fún, ẹ gbọ́dọ̀ ti sá marathon kan tó níwèé ẹ̀rí láàárín wákàtí tí wọ́n dá fún ọjọ́ orí yín. Wọ́n máa ń yí wákàtí yẹn padà, ẹ lọ wò ó lórí sáìtì wọn. Pé ẹ débẹ̀ nìkan ò tíì tó, àwọn tó yára jù ni wọ́n ń mú kọ́kọ́ títí àyè fi máa kún. Championship wà fáwọn tó tún yára ju ìyẹn lọ, kíláàbù ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Kíláàbù fúnra ẹ̀ tún jẹ́ ọ̀nà fún ẹni tí ò yára rárá, torí àwọn kíláàbù tó wà lábẹ́ England Athletics, àjọ tó ń bójú tó eré sísá ní England, máa ń rí àyè díẹ̀ gbà tí wọ́n á pín láàárín ara wọn, wọ́n sábà máa ń ṣẹ́ kèké sí i, àmọ́ kèké láàárín ọgọ́ta èèyàn yàtọ̀ sí ti mílíọ̀nù kan. Ẹ wọ kíláàbù àdúgbò yín, ẹ máa lọ, ẹ máa bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò eré, ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀, kódà tẹ́ ò bá rí àyè gbà lọ́dún yẹn ẹ ti rí àwọn tẹ́ ẹ ó jọ máa sáré láàárọ̀ Sunday.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, Benin tàbí ibòmíì, bálọ́ọ̀tì wà fún ẹ̀yin náà. Àwọn ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan tún wà tí London Marathon fọwọ́ sí, wọ́n ń ta àyè pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, orúkọ wọn wà lórí sáìtì eré náà, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ẹ má sanwó fún un. Físà wá ni ọ̀rọ̀. Èsì bálọ́ọ̀tì kì í ṣe físà o, ó kàn lè jẹ́ ìdí kan tẹ́ ẹ fi ń bọ̀ ni, wọ́n ṣì máa wo owó bánkì yín, iṣẹ́ yín, àtohun tó máa dá yín padà sílé. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ físà àbẹ̀wò, ọjọ́ tó bá ti pé oṣù mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe é. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa sá Lagos City Marathon, ó ti wà láti 2016, wọn kì í ṣẹ́ kèké níbẹ̀, ẹni tó bá gba orí Third Mainland Bridge yẹn kọjá nínú oòrùn oṣù kejì tó sì dé Eko Atlantic, London ò ní bà á lẹ́rù.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ wà, ọgbọ́n tibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. New York náà ń ṣẹ́ kèké, àmọ́ wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní 9+1 fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ New York Road Runners (NYRR), àwọn tó ń ṣètò eré náà, ẹ sá eré mẹ́sàn-án nínú tiwọn láàárín ọdún kan, ẹ yọ̀ǹda ara yín níbi ọ̀kan, ẹ rí àyè ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará Bronx àti Brooklyn, ọ̀nà tiyín nìyẹn. Boston kì í ṣẹ́ kèké ní tiẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe yára tó ni, tàbí kẹ́ ẹ gba ti ṣárítì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí wọn lórí Facebook, ẹnì kan á ní òun ti ṣèṣe, kẹ́ ẹ san £300 kẹ́ ẹ gba tòun. Òfin ò gbà á, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀ nìkan ló lè sá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà kankan. Ẹ tún rò ó wò, tẹ́ ẹ bá dákú lójú ọ̀nà, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mọ̀lẹ́bí ẹlòmíì làwọn nọ́ọ̀sì máa rí lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá ṣèṣe lóòótọ́ tàbí tó lóyún, ètò wà tí wọ́n fi ń sún àyè ẹni síwájú, kó bá àwọn olùṣètò sọ̀rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí èsì tó jáde, ohun tó kàn nìyẹn. Máìlì 26 àti díẹ̀ ni, kìlómítà 42.195, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹni tí kò sá a rí nílò, nínú òtútù sì ni púpọ̀ ẹ̀ máa bọ́ sí. Ẹni tó bá ń gbé apá Woolwich tàbí Charlton, ojú ọ̀nà eré yẹn gangan lẹ wà, máìlì bíi mẹ́ta sí ibẹ̀rẹ̀, ẹ lọ máa sá a láàárọ̀ títí dé Cutty Sark, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ tó wà ní Greenwich, kí ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ eré, ExCeL, gbọ̀ngàn ìpàtẹ ńlá kan ní ìlà oòrùn London, lẹ ti máa gba nọ́ńbà yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ, pẹ̀lú ìwé tó ní fọ́tò àti orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀, wọn kì í fún ọkọ, wọn kì í fún ìyàwó, wọn kì í fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ ní Wednesday tàbí Thursday tí ibi iṣẹ́ bá gbà yín láyè, Saturday máa ń kún, ẹ ò sì nílò dídúró fún wákàtí méjì lórí ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sáré lọ́jọ́ kejì, kò sì sí gbígba nọ́ńbà lọ́jọ́ eré fúnra ẹ̀.